Ski lọ́dún 2027: Bùlùgáríà, Ọ́stríà, Utah àbí Dùbáì? Àwa kan ń mutí, àwa kan ò mu

Ọmọ_Ọmù-Àrán
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń fa ariwo nínú gúrúùpù WhatsApp wa. Àwa mẹ́fà tá a jọ kàwé jáde ní Ìlọrin ni, àwa méjì wà nílùú Òyìnbó, ẹnì kan wà ní Calgary, àwọn mẹ́ta ṣì wà nílé, a ti ń dáwó jọ ká lè pàdé níbì kan ní Fẹ́búárì 2027, ká fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ski, ìyẹn kéèyàn so pákó pẹlẹbẹ méjì mọ́ ẹsẹ̀ kó máa yọ̀ lórí yìnyín. Ẹni Calgary nìkan ló mọ ski í ṣe, àwa tó kù, a ò mọ nǹkan kan. Ibi tọ́rọ̀ ti le nìyí: àwọn méjì nínú wa, bí ò bá síbi tí wọ́n ti lè jókòó mu bíà lálẹ́ kí orin sì máa lọ, wọn ò lọ. Ẹnì kan wà tó jẹ́ ọmọ Alfa, kò fẹnu kan ọtí rí, àmọ́ kò ní káwọn tó kù má mu tiwọn. Ẹlòmíì tún fẹ́ mú àbúrò ẹ̀ dání, ọmọ ọdún 19. Mo sì gbọ́ pé òfin ọtí ò dọ́gba káàkiri, pé ibì kan wà tí ọmọ ọdún 19 ò gbọ́dọ̀ yọjú sílé ọtí rárá. Èwo ni ká mú? Ẹ má torí owó nìkan sọ̀rọ̀ o, ẹ sọ bí alẹ́ ibẹ̀ ṣe ń rí fún wa.

Àdìsá_Tankẹ
Ọyẹ́ Ìlọrin tó ń la ètè yín lẹ ò tíì fara dà tán, ẹ tún ń dáwó jọ láti lọ ra òtútù. Ẹ kú owó o. Mo ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ máa bọ́rọ̀ lọ.

Ìgbómìnà_Leeds
Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sí Bansko ní Bùlùgáríà, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa wọ bàálù dé Sofia, láti ibẹ̀ sí Bansko tó bíi kìlómítà 160, bọ́ọ̀sì á gbé yín débẹ̀ kó tó pé wákàtí mẹ́ta. Abẹ́ òkè Pirin ni ìlú yẹn wà, ìlú àtijọ́ gidi tí wọ́n fi òkúta kọ́ ilé ẹ̀, kì í ṣe ibi tí wọ́n kàn kó hòtẹ́ẹ̀lì jọ sí nítorí àlejò. Owó ibẹ̀ fúyẹ́ ju ti Faransé àti Ọ́stríà lọ dáadáa, látorí tíkẹ́ẹ̀tì òkè, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè, títí dórí oúnjẹ àti ilé téèyàn máa sùn.

Alẹ́ ibẹ̀ ọ̀nà méjì ni. Nídìí gondola, ìyẹn àwọn yàrá kéékèèké orí wáyà tó ń gbé èèyàn gòkè, ilé ọtí ló yí ibẹ̀ ká, àwọn ọ̀dọ́ láti London àti Dublin ló máa ń kún ibẹ̀, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń pariwo. Ẹ tún wọnú ìlú, ẹ máa rí ohun tí wọ́n ń pè ní mehana, ilé oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn, àwọn onílù àtonífèrè á wá bá yín nídìí tábìlì, wọ́n á gbé ẹran yíyan wá, wọ́n á sì gbé rakia tì í. Rakia yẹn, ògógóró wọn ni, èso àjàrà tàbí plum ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ má fojú kékeré wò ó torí pé ife ẹ̀ kéré. Ọdún 18 ni òfin wọn sọ, àbúrò ti wọlé nìyẹn.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ńbẹ̀ ni pé gondola kan ṣoṣo ló ń kó gbogbo èrò kúrò nínú ìlú lọ sókè, bẹ́ ẹ bá sùn di aago mẹ́sàn-án láàárọ̀ ọ̀sẹ̀ tí èrò pọ̀, ẹ máa tò títí ẹsẹ̀ á fi ro yín. Fìsà Schengen, ìyẹn fìsà kan ṣoṣo tó ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ló ń gbà báyìí, Jánúárì 2025 ni Bùlùgáríà wọ Schengen tán, láti Jánúárì 2026 sì ni wọ́n ti ń ná yúrò.

Àǹtí_Ọ̀ffà_Innsbruck
Ìgbómìnà o gbìyànjú, àmọ́ tó bá jẹ́ fàájì lẹ́yìn ski ni, Ọ́stríà ni bàbá ẹ̀. Níbí wọn kì í dúró dalẹ́. Ilé ọtí kan wà ní St. Anton tó ń jẹ́ MooserWirt, orí òkè gan-an ló wà, ọ̀sán ni orin ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú bàtà ski lẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń gun tábìlì jó, tílẹ̀ bá ṣú tán wọ́n á tún kó ski sẹ́sẹ̀ kí wọ́n máa yọ̀ bọ̀ wálé nínú òkùnkùn pẹ̀lú ọtí lójú, ìyẹn gan-an ni mo máa ń bẹ àwọn àlejò mi pé kí wọ́n má dán wò, ẹ gbé ski yín lé èjìká kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn, kò sẹ́ni tó máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ischgl tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ariwo pọ̀ débi tí ìjọba ìlú náà fi ṣòfin pé láti aago mẹ́jọ alẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ bàtà ski rìn láàárín ìlú, kò sì gbọ́dọ̀ gbé ski dání, fáìnì ńlá wà ńbẹ̀. Torí bàtà yẹn le bí irin ni, tí ọ̀mùtí bá ń fi í rìn lórí títì, ẹni tó ń sùn ò ní sùn mọ́. Ibẹ̀ náà ni kòrónà ti bá àlejò lọ sílé káàkiri Yúróòpù ní Máàṣì 2020, ilé ọtí tó fún pọ̀ ló fà á.

Òfin wọn rọ̀ gan-an: bíà àti wáìnì láti ọmọ ọdún 16, ọtí líle láti 18. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́, ẹ má lọ sí St. Anton o. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni Hannes Schneider ti dá ilé ẹ̀kọ́ ski sílẹ̀ ní 1921, àmọ́ òkè ibẹ̀ dúró gangan, àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ló yẹ. Söll tàbí Seefeld dáa fún yín. Owó ni mi ò ní purọ́ nípa ẹ̀, ó wọ́n ju Bansko lọ fíìfíì.

Alfa_Ọjà-Ọba
Àsàlámù àlékùn. Èmi lọmọ Alfa tí wọ́n ń wí yẹn o, kẹ́ ẹ má bàa rò pé mò ń fara pamọ́. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ọtí, oníkálukú pẹ̀lú Ọlọ́run ẹ̀. Ohun tí mò ń bi wọ́n ni pé kí ló ṣe Dùbáì? Ski Dubai ti wà nínú Mall of the Emirates láti 2005, wọ́n á fún yín láṣọ òtútù pẹ̀lú owó ìwọlé, pẹ́ńgúìnì ń bẹ ńbẹ̀, oúnjẹ sì jẹ́ halal. Ẹni tó bá fẹ́ mu náà á rí mu ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ_Ọmù-Àrán
Alfa, ọ̀rẹ́ mi, a ti sọ̀rọ̀ yìí tán ní gúrúùpù. Inú mall ni Ski Dubai wà, ibi tó gùn jù níbẹ̀ jẹ́ mítà 400, wákàtí méjì lo máa fi yọ̀ tán, kí la wá máa ṣe fún ọjọ́ mẹ́fà tó kù? Ká máa wo wúrà?

Ìyá_Sùwébà_Sharjah
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àpérò o. Mo ń ṣòwò níbí, ẹ jẹ́ n là yín lọ́yẹ̀ kẹ́nì kan má lọ kó wàhálà. Ní Dùbáì, ọmọ ọdún 21 ni wọ́n ń ta ọtí fún, ìyẹn túmọ̀ sí pé ọmọ ọdún 19 yín ò sí níbẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ tó ní láísẹ́ǹsì ló ń tà á. Ẹni tó bá fẹ́ rà á ní ṣọ́ọ̀bù lọ sílé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, wọ́n ti sọ ìwé yẹn di ọ̀fẹ́ ní Jánúárì 2023, ọjọ́ kan náà ni wọ́n yọ owó orí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tó wà lórí ọtí, ṣùgbọ́n Jánúárì 2025 wọ́n dá owó orí yẹn padà. Tó o bá mu, tó o wá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lójú títì, ẹjọ́ ni. Tó o bá wakọ̀, ẹ̀kán ọtí kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀, ẹjọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá sì torí owó hòtẹ́ẹ̀lì wá sùn lọ́dọ̀ tiwa ní Sharjah, ọtí ò sí rárá níbí, wọn ò tà á, wọn ò mu ún. Ẹni tó bá gbé ìgò láti Dùbáì wọ Sharjah ń fi ara ẹ̀ ṣeré.

Àdìsá_Tankẹ
Ìyá, ẹ kú ìmọ̀ràn. Dùbáì ti kúrò lórí tábìlì nìyẹn, tó kan Amẹ́ríkà.

Kwárà_Calgary
Èmi lẹni Calgary. Ẹ jẹ́ n sọ ti Utah torí ibẹ̀ lẹnì kan ní gúrúùpù ń tì wá sí, wọ́n rí fọ́tò Park City, ìlú ski kan níbẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ dáadáa ẹ̀: yìnyín ibẹ̀ ò láfiwé. Ó gbẹ, ó rọ̀, tó o bá ṣubú á gbà ọ́ mọ́ra. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára nọ́ńbà mọ́tò wọn pé àwọn ló ní yìnyín tó dáa jù láyé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Òlíḿpíìkì yìnyín 2002, wọ́n tún máa ṣe é ní 2034. Láti pápá òfurufú Salt Lake City dé orí òkè ò tó wákàtí kan.

Ó wá kan alẹ́. Ìpínlẹ̀ àwọn Mormon ni, ẹ̀sìn wọn ò sì fàyè gba ọtí, òfin ibẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Gbogbo Amẹ́ríkà, ọdún 21 ni, kò sí ẹ̀bẹ̀, àbúrò á máa mu kóòkì ní tiẹ̀. Ilé ọtí gidi, kò tiẹ̀ ní wọlé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa yẹ pásípọ́ọ̀tù wò, kódà ẹni tó ti hu ewú lórí ni wọ́n lè bi. Tó bá jẹ́ ilé oúnjẹ lẹ jókòó sí, ẹ gbọ́dọ̀ paṣẹ oúnjẹ kí wọ́n tó gbé ọtí fún yín, wọn ò lè gbé ọtí lásán síwájú yín. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọn ọtí líle sínú ife, áwùǹsì kan ààbọ̀, kò lé kò dín, kò sí pé o mọ agbátí kó bá ọ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Aago kan òru, ó parí. Wáìnì àti ọtí líle tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé lọ sílé, ṣọ́ọ̀bù ìjọba nìkan ló ń tà á, ọjọ́ Àìkú wọ́n tì í pa, ọjọ́ ọlidé náà bẹ́ẹ̀. Bíà tí agbára ẹ̀ ò ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ló wà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ tiẹ̀ rí i, ó ti sàn báyìí, kó tó di 2009, àfi kéèyàn forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́ kó tó lè wọ ilé ọtí, ẹ máa sanwó ẹgbẹ́ kẹ́ ẹ tó mu bíà kan!

Wíwakọ̀ ló wá burú jù. Káàkiri Amẹ́ríkà, ìdá 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń mú èèyàn sí, Utah sọ ọ́ di 0.05 ní ìparí 2018, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ife méjì lè ti gbé ẹlòmíì débẹ̀. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wà ní Park City, ẹ wọ̀ ọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì òkè níbẹ̀ ńkọ́, lọ́jọ́ tí èrò pọ̀, tẹ́ ẹ bá lọ rà á lójú wíńdò, ó ń lé ní dọ́là 300 fún ọjọ́ kan, ẹnì kan.

Nítèmi, tó bá jẹ́ òkè òkun ibí yìí lẹ fẹ́, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Banff ò jìnnà sí Calgary, bíi kìlómítà 130, Alberta ní ọdún 18 ni, Whistler tó wà ní British Columbia ní 19 ni. Àbúrò lè wọlé ní méjèèjì. Ọ̀rọ̀ fìsà Kánádà láti ilé ni mi ò lè bá yín gbé.

Sístà_Ajàṣẹ́
Boda Calgary, ṣé kóòkì náà kì í ṣe ohun mímu ni? Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jọ̀ọ́ 😂

Ọmọ_Òkè-Oyì_Oslo
Kẹ́ni kẹ́ni má dárúkọ Nọ́ọ̀wè fún wọn o. Èmi tí mò ń gbé ibẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Trysil dáa fún ẹni tó ń kọ́, òkè ibẹ̀ rọrùn, wọ́n ṣe dáadáa sáwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọtí! Ohunkóhun tí agbára ẹ̀ bá ju ìdá 4.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, Vinmonopolet nìkan, ilé ìtajà ìjọba. Súpámákẹ́ẹ̀tì á fi aṣọ bo bíà ní aago mẹ́jọ alẹ́, Sátidé aago mẹ́fà, Sọ́ńdè kò sí. Ọtí líle, ọdún 20. Swídìn náà rí bákan, ṣọ́ọ̀bù ìjọba wọn ò ní tà fún ẹni tí kò tíì pé 20, àmọ́ ilé ọtí á tà fún ọmọ ọdún 18, ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Owó bíà kan nílé ọtí lórí òkè, mi ò fẹ́ kọ ọ́ síbí kí Àdìsá má bàa dákú.

Àdìsá_Tankẹ
Kọ ọ́. Mo ti fi ọwọ́ di nǹkan mú.

Nọ́ọ̀sì_Òkè-Ọdẹ
Ẹ ṣeun gbogbo yín, àmọ́ mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè, kò sẹ́ni tó bèèrè jẹ́nótáípù ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin mẹ́fà, ó ṣòro kí ẹnì kan má jẹ́ AS nínú yín. Ẹni tó bá jẹ́ SS, kó má fẹsẹ̀ kan lọ sórí òkè tó ga láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀ gbà, torí afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́, òtútù, àti omi ara tó ń gbẹ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn yí padà, ìrora ẹ̀ kì í ṣe kékeré. AS, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn á lọ á bọ̀ láìsí nǹkan, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni AS lórí òkè gíga pé ọlọ inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Tí ẹgbẹ́ òsì, lábẹ́ egungun ìhà, bá ń dun AS yín lókè, kó sọ̀kalẹ̀ kó sì lọ sílé ìwòsàn, kó má sọ pé ebi ló ń pa òun. Ẹ wo bí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ sùn ṣe ga tó kẹ́ ẹ tó sanwó: ìlú Bansko ò tó mítà 1,000, Val Thorens ní Faransé tí gbogbo èèyàn ń pariwo ẹ̀ jẹ́ 2,300, ibẹ̀ lẹ máa sùn, ibẹ̀ lẹ máa jí.

Ó wá ku ọtí. Àwọn èèyàn gbà pé ọtí ń mú ara yá nínú òtútù. Irọ́ ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣí iṣan abẹ́ awọ, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná á sá wá sí ìta, ojú á móoru, ìgbà yẹn gan-an ni ooru inú ara ń jò lọ. Ẹni tó mutí tó sùn sínú yìnyín lálẹ́, ara ẹ̀ ò tiẹ̀ ní gbọ̀n dáadáa láti fi gba ara ẹ̀ là. Àti pé lókè, ife kan ń ṣe bíi ẹni pé ó ju ọ̀kan lọ torí omi ti tán lára yín, ẹ máa mu omi.

Ítálì ti fi í ṣòfin báyìí: láti Jánúárì 2022, tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń ṣe ski bá ju gíráàmù 0.5 nínú lítà kan lọ, fáìnì láti yúrò 250 sí 1,000, tó bá wá lé ní 0.8, ó ti di ẹjọ́ ọ̀daràn. Ìnṣọ́ránsì tó máa sanwó fún ẹni tẹ́ ẹ bá gbá lulẹ̀ pọn dandan níbẹ̀, hẹ́lmẹ́ẹ̀tì náà ti di dandan fún àgbà àtọmọdé láti Nòfẹ́ńbà 2025. Ẹ sì ka ìwé ìnṣọ́ránsì yín níbikíbi tẹ́ ẹ bá lọ: èyí tí Schengen ń béèrè, tó tó yúrò 30,000, ti ìtọ́jú àìsàn ni, ẹ wò ó bóyá ó ka ski mọ́ ọn àti hẹlikópítà láti orí òkè. Ọ̀pọ̀ ló sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò ní san kọ́bọ̀ tẹ́nì kan bá mutí kó tó ṣubú.

Ọmọ_Ọmù-Àrán
Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á san yín lóore. Àwa méjì ni AS. Kò sí SS. Val Thorens wà lára ohun tá à ń wò tẹ́lẹ̀, mo ti pa á rẹ́.

Àǹtí_Ọ̀ffà_Innsbruck
Bí nọ́ọ̀sì ṣe mẹ́nu kan Ítálì yẹn, ẹ jẹ́ n fi Livigno kún un. Ìlú kan ni lókè pátápátá, mítà 1,816, láyé àtijọ́ yìnyín máa ń dí ọ̀nà ẹ̀ pa, torí ẹ̀ ni wọn kì í fi gba owó orí ọjà níbẹ̀ títí di òní. Ọtí, sìgá, lọ́fíńdà, epo mọ́tò, gbogbo ẹ̀ pọ́ọ́kú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ti snowboard, ìyẹn pákó kan ṣoṣo tí wọ́n ń dúró lé yọ̀, ní Òlíḿpíìkì 2026. Andorra náà wà tí owó orí ẹ̀ kéré tí ọtí ẹ̀ sì pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún Andorra: kò sí nínú Schengen, kò sì ní pápá òfurufú, ẹ gbọ́dọ̀ gba Sípéènì tàbí Faransé wọ̀ ọ́. Tí fìsà yín bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ẹ ti jáde kúrò ní Schengen nìyẹn, báwo lẹ ṣe máa padà?

Alfa, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ gan-an. Ìgò ọtí kọ́ ni kó o bẹ̀rù, èyí tó sá pamọ́ sínú oúnjẹ ni. Fondue, ìyẹn wàràkàṣì yíyọ́ tí wọ́n ń ki búrẹ́dì bọ̀ ní Switzerland àti Faransé, wáìnì funfun ni wọ́n fi ń sè é. Tartiflette, ọ̀dùnkún pẹ̀lú wàràkàṣì ni, ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀. Bombardino ní Ítálì, á gbóná, á ní kíríìmù lórí, á dà bíi nǹkan ọmọdé, ẹyin àti ọtí líle ni. Ohun mímu gbígbóná tí wọ́n ń tà lójú títì níbí, Glühwein, wáìnì ni, àmọ́ Kinderpunsch wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí kò ní ọtí nínú, ìyẹn ni kó o pè.

Alfa_Ọjà-Ọba
Jazakillahu khairan, àǹtí. Wallahi ǹ bá ti jẹ fondue yẹn, mo rí i lórí YouTube tó ń fà.

Ọmọ_Ìpàtà
Kí ló dé tí gbogbo yín ń sá lọ Yúróòpù, Áfíríkà náà ní yìnyín. Oukaïmeden wà ní Mòrókò, kò jìnnà sí Marrakech. Afriski wà ní Lesotho, ó lé ní mítà 3,000.

Ìgbómìnà_Leeds
Lóòótọ́ ni, àmọ́ Lesotho, Júnù sí Ọ́gọ́ọ̀sì ni yìnyín tiwọn, Fẹ́búárì ìgbà ooru wọn ni, ẹ máa bá koríko ńbẹ̀. South Africa ló sì yí i ká pátá, fìsà South Africa tẹ́ ẹ máa gbà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Oukaïmeden dáa fún fọ́tò, àmọ́ yìnyín ẹ̀ ò ṣeé gbára lé, àti pé Mòrókò, nínú ìwé òfin wọn, wọn ò gbọ́dọ̀ ta ọtí fún Mùsùlùmí, hòtẹ́ẹ̀lì àlejò ló ń tà á. Àwọn méjì tó fẹ́ bíà yẹn, inú wọn ò ní dùn.

Sístà_Ajàṣẹ́
Ṣé kì í ṣe pé ẹ máa lọ ṣẹ́ egungun níbẹ̀ báyìí? Ìgbà wo ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré yìnyín?

Kwárà_Calgary
Sístà, ó ti pẹ́ o. 2018 ní PyeongChang, Seun Adigun pẹ̀lú àwọn obìnrin méjì tó kù gbé bobsleigh Nàìjíríà lọ, ìyẹn ọkọ̀ tó ń yọ̀ lórí omi dídì, Simidele Adeagbo sùn dojúbolẹ̀ lórí skeleton, ìyẹn ọkọ̀ kékeré ẹnì kan tó ń yọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, àwọn ọmọ Yorùbá wà ńbẹ̀. 2022 ní Beijing, Samuel Ikpefan ṣe ski gidi lórúkọ wa. Àwa, ẹsẹ̀ òkè tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin ti ń kọ́ la máa wà.

Ìyá_Sùwébà_Sharjah
Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo ti ń dúró kẹ́nì kan sọ ọ́. Gbogbo òfin ọtí ayé lẹ ti kà tán, kò sẹ́ni tó wo kàlẹ́ńdà. Fẹ́búárì 2027 tẹ́ ẹ ń wí yìí, ààwẹ̀ Ramadan ló máa bọ́ sí i, bíi ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń retí oṣù, títí wọ Máàṣì. Ṣé Alfa fẹ́ máa gbààwẹ̀ lórí yìnyín láìmu omi, nígbà tí nọ́ọ̀sì ní omi ń gbẹ lára lókè? Àbí ẹ fẹ́ máa jó lórí tábìlì kóun máa kírun tarawíì ní yàrá kejì?

Alfa_Ọjà-Ọba
Ìyá, ẹ gbà mí. Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí wọn ò ní ní èmi ni mò ń ba nǹkan jẹ́. Arìnrìn-àjò lè sún ààwẹ̀ ẹ̀ síwájú kó san án padà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n Ramadan ní Ìlọrin, ilé ni mo fẹ́ wà.

Ọmọ_Ọmù-Àrán
Haba Alfa, o sì ń dákẹ́ láti ìgbà yìí! Ó dáa, Jánúárì nígbà náà.

Ìgbómìnà_Leeds
Jánúárì tiẹ̀ dáa jù. Ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, ọlidé ọdún tuntun ti lọ, àwọn ọmọ iléèwé ìlú Òyìnbó ò tíì gba ìsinmi Fẹ́búárì wọn tó ń sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Ìlà gondola yẹn náà á kúrú. Àmọ́ ilẹ̀ tètè ń ṣú, òtútù á sì mú.

Bansko náà ni mo ṣì dúró lé. Ẹ gba àpáátímẹ́ǹtì tó ní kíṣìnì, ẹ máa sè fúnra yín, ìyẹn á yanjú ọ̀rọ̀ oúnjẹ Alfa torí ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti ilé, ẹ gbé èlùbọ́, ẹ gbé ata gbígbẹ, ṣùgbọ́n ẹ má gbé wàrà, ẹ má gbé kílíṣí o, ẹran àti ohun tí wọ́n fi mílíkì ṣe, Yúróòpù ò gbà á lọ́wọ́ arìnrìn-àjò, wọ́n á gbà á jù sí dọ́ńbìnì lójú yín. Tó bá jẹ́ ti Jímọ̀, mọ́sáláṣí Banya Bashi wà ní Sofia, láti ayé àwọn Ottoman ló ti wà, Alfa lè kírun níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé tó bá bọ́ sí Fúráìdè.

Àdìsá_Tankẹ
Ìbéèrè pàtàkì kan. Owó ọtí, ta ló ń san án? Torí mo mọ àwọn tó máa ń ní ká jọ pín in dọ́gba, tí ẹni tó mu omi á sì bá wọn san rakia.

Àǹtí_Ọ̀ffà_Innsbruck
Ẹ pín in sọ́tọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Owó ilé, ti ọkọ̀, ti oúnjẹ, ẹ jọ dá a. Ti ọtí, àwọn tó ń mu ún dá tiwọn sápò kan lọ́tọ̀. Mo ti rí ọ̀rẹ́ tó dà rú nítorí bílì ilé ọtí kan. Kí ẹnì kan sì máa wà lálaalẹ́ tí kò mu, tó mọ̀nà ilé. Lọ́dọ̀ tiyín Alfa ti wà, ẹ kàn má sọ ọ́ di ẹrú yín.

Alfa_Ọjà-Ọba
Mo gbà láti máa kó wọn wálé títí di aago mẹ́wàá. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹni tó kù á bá Bùlùgáríà sùn.

Ọmọ_Ọmù-Àrán
Ó ti parí. Bansko, ọ̀sẹ̀ kẹta Jánúárì 2027. Tí àwọn méjì yẹn bá fẹ́ tábìlì tí wọ́n máa jó lé, kí wọ́n wá a ní mehana. Gbogbo wa la máa gba Schengen, àti èmi tí mo wà nílùú Òyìnbó, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà náà ló wà lọ́wọ́ mi. Yúrò 90 ni owó ìwé fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin mẹ́ta tẹ́ ẹ wà nílé, oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò ni ẹ ti lè fi ìwé sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó di Disẹ́ḿbà. Mo fẹ́ kọ̀wé sí àwọn tó ń yá èèyàn ní ski, wọ́n ń béèrè bí oníkálukú ṣe ga tó, bó ṣe wúwo tó, àti nọ́ńbà bàtà.

Kwárà_Calgary
Bàtà temi wà lọ́wọ́. Ẹ sọ òótọ́ nípa kìlò yín o, òun ni wọ́n fi ń ṣètò bí bàtà á ṣe já kúrò lára ski tẹ́ ẹ bá ṣubú, tẹ́ ẹ bá parọ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa ṣẹ́.

Alfa_Ọjà-Ọba
44. Kìlò mi, mo máa fi ránṣẹ́ sí ọ ní ìkọ̀kọ̀.